Òrùlé Ilé Epo Bàbá Mi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Wọ́n wó ilé epo Bàbá mi ní Kémta lónìí. Ó ti pẹ́ tí a kò ti ta epo níbẹ̀ mọ́, ẹni tó rà á sì fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé, n kò lè bínú sí ẹnì kankan.

Bàbá Ṣẹ́gun birikilà dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, àwọn ni wọ́n da kọnkéré òrùlé náà. Ó rí roboto, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí òpó kan ṣoṣo, bí ọkọ̀ tí yóò fò lọ sí òṣùpá. Bí Bàbá mi ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Títí di àná, èrò ọkọ̀ ṣì ń ké sí awakọ̀ pé, "Olóṣùpá wà o," kí ó lè já wọn sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo ti ṣèlérí fún Bàbá Ṣẹ́gun pé n óò pè wọ́n kí òrùlé náà tó wó, kí wọ́n lè rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gbàgbé.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì kọnkéré náà. "Ẹ má bínú, sà. Ó fò mí ni."

"Dìde, ọmọ mi. Ṣé kíá ló wó?"

Mo ní rárá, pé láti àárọ̀ ni katapílà ti ń lù ú, ó di aago méjì ọ̀sán kó tó wó.

Wọ́n rọra mi orí. "Irin tí mo fi sínú ẹ̀ pọ̀."

Inú wọn dùn díẹ̀ sí i, mo rí i. Ṣùgbọ́n ká ní mo pè wọ́n, kódà ní aago méjìlá, wọn ì bá bá a lórí ìdúró.