Ojú Ewé Mẹ́ta Tó Ṣẹ́kù

Mọ́ńdè, ọjọ́ 3 oṣù kẹta

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ààbọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ni – bàbá kan náà ló bí wa, ìyá ló yàtọ̀. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Ààbọ̀, torí ó lọ kàwé àgbà ní yunifásítì, ó dé ìdajì, ó sọ̀ kalẹ̀. Lójú ẹ̀, "Bọ̀ọ̀dá mi" ni, mo tún máa ń dìde fún un.

Ó gbé ìwé tó kọ wá pé kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Ìtàn bí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ṣe dé ìlú wa, àti ohun tó sọ wá dà. Ọgọ́ta ọdún ló pé lóṣù yìí tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wọ̀lú. Ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà. Ilé-ìwé mẹ́rìnlá ti ní àwọn máa fi kọ́ ọmọ. Ọjọ́ 29 ni ayẹyẹ.

Ta ló sì gbé e wá bá? Èmi. Èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, tí ẹ̀rọ mẹ́ta ń ké nínú ṣọ́ọ̀bù mi lónìí. Òun tó kàwé títí, nǹkan kan ṣoṣo tó ń ké nílé ẹ̀ ni àga tó ń jókòó lé.

Túsìdeè, 4

Mo kà á. Ó gbà mí ní gbogbo ọjọ́, mi ò tijú. Ojú ewé mẹ́sàn-án lórí àwọn aláwọ̀ funfun tó gbẹ́ lẹ́tà sórí igi àti irin – ó dáa, mi ò bá a jà, èmi ò sí níbẹ̀. Ó wá dé ìlú wa. Ó ní: "Bàbá wa ni ó mú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ìlú yìí."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé Olóòtú sáré wá wò mí. (Ìyàwó mi nìyẹn. Òun ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, kò sì sí ohun tí kì í tún ṣe. Ó máa ń tún bí mo ṣe ń jẹun ṣe.)

Òtítọ́ ibẹ̀ rèé. Ọkùnrin mẹ́jọ ni wọ́n pè kí wọ́n bá wọn já ẹ̀rọ náà sílẹ̀ látinú lọ́rì. Bàbá wa ni ìkẹjọ. Wọn ò tíì gbé e dé ẹnu ọ̀nà tó fi já lé e lẹ́sẹ̀. Àtàǹpàkò lọ. Àwọn méje tó kù gbé ẹ̀rọ wọlé, wọ́n padà wá gbé Bàbá. Ló bá di pé gbogbo ayé ẹ̀, tó bá ti ń tiro kọjá, "ọjọ́ tí mo mú ẹ̀rọ wọ̀lú" ló máa ń sọ.

Mò ń rẹ́rìn-ín lọ títí mo fi dé ojú ewé ogójì. Ìlà kan: "Àwọn obìnrin kan náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbálẹ̀."

Ìyá mi wà lára àwọn obìnrin yẹn. Ọdún méjìlá ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìyá mi ò gbálẹ̀ níbẹ̀ rí. Òun ló ń ṣẹ́ bébà po, òun ló ń rán ìwé.

Ẹ̀rín tán.

Wẹ́sìdeè, 5

Mo lọ bá a nílé. Mo ní Bọ̀ọ̀dá, ẹ tún ojú ewé ogójì ṣe. Mo tún ní kó fi orí kan sí i lórí èmi fúnra mi – ẹni tó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ aláwọ̀ mẹ́rin ní àdúgbò yìí, ṣé kì í ṣe ìtàn ni?

Ó bọ́ jígí ojú ẹ̀. Bó bá ti bọ́ jígí, ìwàásù ti dé. Ó ní ìtàn lòun ń kọ, kì í ṣe pátákó ìpolówó. Ó ní kí ló wà nínú kéèyàn ṣẹ́ bébà, ọmọdé lè ṣe é. "Àbúrò, ìtàn kì í ka ọwọ́. Orí ló ń kà." Mo bi í pé ẹ̀rí wo ló ní pé Bàbá ló mú ẹ̀rọ wá. Ó ní Bàbá ló fẹnu ara ẹ̀ sọ fún òun.

Mo dìde fún un, mo sì kúrò níbẹ̀. Ọmọ mẹ́rìnlá ilé-ìwé – rárá, ọmọ ilé-ìwé mẹ́rìnlá – ni wọ́n máa kọ́ pé ìyá mi gbálẹ̀.

Fúráìdeè, 7

Ọlọ́run kì í sùn. Bébà náà kì í sùn.

Olóòtú ti to gbogbo ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n tán. Ojú ewé mọ́kànlélọ́gọ́ta. Tó o bá sì ṣẹ́ bébà ńlá kan lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ewé mẹ́rìndínlógún ló máa fún ẹ, kò ní dín, kò ní lé. Bébà mẹ́rin, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó ṣẹ́ ku mẹ́ta tí nǹkan kan ò sí lórí ẹ̀.

Mo pè é. Bọ̀ọ̀dá ní kí n gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dànù. Hàà! Ojú ewé kejìlélọ́gọ́ta, ẹ̀yìn ọ̀kànlélọ́gọ́ta ló wà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gé ẹ̀yìn kí n fi iwájú sílẹ̀? Yunifásítì ò kọ́ wọn nírú èyí. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fi sílẹ̀ fún mi kí n fi polówó iṣẹ́ ọwọ́. Ó ní kí n sáà má pariwo nínú ẹ̀. Ó fọwọ́ sí gbogbo prúùfù, ìyẹn ẹ̀dà tí à ń yẹ̀ wò ká tó tẹ̀wé – kò tilẹ̀ kà á – ó kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀ pé ojú ewé mẹ́ta ìkẹyìn, ti atẹ̀wé ni.

Mo kó bébà yẹn sínú dúrọ́à, mo tì í pa. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀, mi ò ní yí lẹ́tà kan padà níbẹ̀. Ojú ewé mẹ́ta yìí, ti ìyá mi ni.

Sọ́ńdè, 9

Mo jókòó kọ ọ́. Mo kọ púpọ̀, ó dùn. Olóòtú kà á tán, ó kó bébà náà padà fún mi, ó ní, "Bàbá Tọ̀míì, ìyá yín ló bí yín ni, àbí ẹ̀yin lẹ bí ìyá yín? Ìlà mẹ́rìnlélógún, 'èmi' wà nínú ogún."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mọ́kànlélógún ni.

Òtítọ́ ni pé mi ò mọ nǹkan kan. Mo mọ ẹ̀yìn ìyá mi nídìí fèrèsé. Mo mọ ìka ẹ̀, abẹ́rẹ́ ti jẹ ẹ́ gbó. Ìyókù, mi ò béèrè rí. Ọwọ́ mi dí, mò ń di ẹni ńlá.

Mọ́ńdè, 10

Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Fèrèsé. Nínú àwọn obìnrin márùn-ún tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun nìkan ló kù. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò lọ́mọ, kò lọ́kọ mọ́. Láti àárọ̀ ló ń jókòó ti fèrèsé, tó ń bá gbogbo ẹni tó ń kọjá wíjọ́. Kí n tó gun àtẹ̀gùn tán: "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, orí ẹ ń tóbi sí i! Ṣé wọ́n ṣì ń rí fìlà ẹ rà?"

Ó sọ gbogbo ẹ̀. Tábìlì gígùn kan. Oníkálukú pẹ̀lú eegun pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń tẹ ojú ibi tí wọ́n bá ṣẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn márààrún tó mọ A yàtọ̀ sí ọ̀pá. Ìrísí ìǹkì ni wọ́n fi ń mọ ewé tó ṣáájú. Ìwé tí ìlú fi mọ̀wé, àwọn tí ò mọ̀wé ló tò ó!

Ó wá sọ èyí tí mi ò gbọ́ rí. Bí ewé bá já bọ́ nínú ìwé, gbogbo wọn ni fọ́máànù máa ń bú. Ìyá mi ló ní rárá, kí oníkálukú ta kókó tiẹ̀ sídìí okùn, kí ẹlẹ́bi gba ẹ̀bi ẹ̀. "Kì í ṣe fún ògo o. Ẹjọ́ la ń sá fún." Ti ìyá mi, kókó mẹ́ta tó sún mọ́ra bí ìbẹta. Mo ní tiyín ńkọ́, mà? Ó ní, "Kókó kan, ìrù méjì. Èmi ò ní sùúrù."

Mo bi í pé ta ló rán ìwé àkọ́kọ́ tó ti ẹ̀rọ yẹn jáde, ìwé álífábẹ́ẹ̀tì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n tọ́jú sínú gíláàsì nílé. Ó wo ìta títí. Ó ní, "Ta lo fẹ́ kó rán an?" Mo ní ìyá mi. Ó ní, "Ó dáa, ìyá ẹ náà ni."

Mo gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni gba sáàtífíkéètì.

Túsìdeè, 11

Mo tú ìwé ìṣirò tí mo lò ní kékeré. Kókó mẹ́ta. Ìyá mi ló rán an.

Tọ́sìdeè, 13

Mo kọ ọ́ tán. "Èmi" ò ju méjì lọ, Olóòtú kà á. Ìlà àkọ́kọ́: "Ìyá mi ni ó rán ìwé àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ ní ìlú yìí." Ìlà kejì sọ̀rọ̀ lórí ọkùnrin mẹ́jọ àti àtàǹpàkò kan. Bọ̀ọ̀dá máa ka ìyẹn lójú ayẹyẹ. Kí n wà níbẹ̀!

Sátidé, 15

A tẹ bébà kẹrin. Ẹgbẹ̀rún kan, iwájú àti ẹ̀yìn. Kò sí ẹ̀rọ tó ké dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mọ́ńdè, 17

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ìwé álífábẹ́ẹ̀tì náà wá kí a ya fọ́tò ẹ̀ fún èèpo ẹ̀yìn. Aṣọ ìnujú funfun ló fi dì í mú, bíi pé ọmọ tuntun ni. Ó ní kí n má fọwọ́ lásán kàn án. Mo ní Bọ̀ọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀.

Bó ṣe lọ tán, mo yọ gíláàsì ìsọ-nǹkan-di-ńlá. Mo fẹ́ ya fọ́tò kókó mẹ́ta ìyá mi, kí n fi han ayé. Eegun ẹ̀yìn ìwé náà ti là fúnra ẹ̀, mi ò já okùn kankan. Mo wò ó.

Kókó kan. Ìrù méjì.

Mo tún un wò. Mo pe Olóòtú kó wá wò ó. Ó wò ó, ó wò mí, kò tún nǹkan kan ṣe.

Túsìdeè, 18

Mi ò ṣiṣẹ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a – àwọn tó pa òwe yẹn, wọn ò tíì rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ta ló máa tú ìwé wò? Kò sẹ́ni. Ilé-ìwé mẹ́rìnlá máa kọ orúkọ ìyá mi lórin. Bàbá mú ẹ̀rọ wá ní ojú ewé kẹwàá, Màmá rán ìwé ní ojú ewé kejìlélọ́gọ́ta. Ìdílé wa mà gbayì o!

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ààbọ̀ ti di méjì. Èmi ni ààbọ̀ tó kù.

Wẹ́sìdeè, 19

Mo padà sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo ní Ìyá, ẹ̀yin lẹ rán an. Ó ní, "Mo mọ̀." Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ jẹ́ kí n tẹ irọ́? Ó ní èmi ni mo béèrè bí ẹni tó ti mú ìdáhùn bọ̀ látilé.

Ó wá ní, "Ìyá ẹ bí ọmọ tó ní ẹ̀rọ. Bàbá ẹ bí ọmọ tó ní bírò. Ta lèmi ní? Fèrèsé. Fèrèsé ò mọ ìwé tẹ̀."

Mo bi í ní orúkọ ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ ọ rí. Ó ní kò sẹ́ni tó pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà tí ìyá mi ti kú. Ó sọ ọ́. Ó ní kí n pè é kí òun gbọ́. Mo pè é. Ó ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀," ó sì tún un sọ fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.

Tọ́sìdeè, 20

Mo kó ẹgbẹ̀rún bébà kẹrin náà dànù sẹ́yìn ilé. Ó dùn mí dé egungun. Olóòtú to tuntun: obìnrin márùn-ún, orúkọ wọn, bí kókó oníkálukú ṣe rí, ta ló dá ọgbọ́n kókó náà sílẹ̀, ta ló rán ìwé àkọ́kọ́. Àtàǹpàkò Bàbá ò kúrò níbẹ̀. Ìyá mi wà nípò kejì. Mi ò ní purọ́ fún ìwé ara mi, ipò kejì yẹn ta mí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọjú, ó ka prúùfù náà lórí ìdúró. Mo ń retí ìjà, mo ti ká apá aṣọ. Ó kà á tán, ó bọ́ jígí. Ó ní ti àtàǹpàkò yẹn ò bójú mu. Ó ní ti àwọn obìnrin yẹn, òun máa sọ níbi ayẹyẹ pé òun lòun ṣàwárí wọn.

Àwárí! Mo dìde fún un.

Fúráìdeè, 21

Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo mú prúùfù lọ bá Ìyá Fèrèsé. Kò lè kà á, ó ní kí n fi ìka òun lé ibi tí orúkọ òun wà. Mo fi lé e. Ó fi ìka ra á lọ ra á bọ̀, ó gbé bébà náà sún mọ́ ìmọ́lẹ̀.

"Ó kéré," ó ní. "Kí ló dé tó kéré báyìí?"

Mo ní Ìyá, bí orúkọ ṣe ń tó nínú ìwé nìyẹn. Ó bi mí pé ti bọ̀ọ̀dá mi ńkọ́, èyí tó wà níwájú ìwé. Mo fi ìka mi díwọ̀n bó ṣe tóbi tó, mo fi hàn án. Ó wò ó dáadáa. Ó ní kí ti òun fi ìka kan tóbi jù ú lọ.

Ẹ̀rọ ń dúró. Olóòtú ń fi ìka kan kún orúkọ Ìyá Fèrèsé.