Ìkíni Ló Ṣáájú Ọ́ìlì

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Mùsíọ̀ Gilbert, ọ̀gá ibi tí a ti ń tún mọ́tò ṣe nílé iṣẹ́ wa tó ń ta mọ́tò, pè mí sí ọ́fíìsì. (Ọ̀gá Ìṣẹ́jú-Méjì lorúkọ tí mo fún un — ìyẹn gan-an ló gbà mí láyè láti fi bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù.) Ó ní àwọn èèyàn ń ra mọ́tò lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n bí gàrántì bá ti tán, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ẹ̀bá títì ni wọ́n ń gbé e lọ. Bí wọn ò bá padà wá kí oṣù yìí tó parí, ẹ̀rọ ni yóò máa pè wọ́n. Èmi ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn? Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń pe oníbàárà nídìí fóònù yẹn! Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́.

Ọjọ́rú, 3

Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Mo pe Alhaji Àrìmíyàù, oníbàárà wa tó ń ta aṣọ lọ́jà Roxy, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi bàbá mi. Mo ka ohun tí wọ́n kọ fún mi: mọ́tò pupa yín ti tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé mọ́tò nìkan lo mọ̀ nílé mi ni?" Wọ́n pa fóònù.

Mo délé, mo sọ fún Màámi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Zaynab! Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n sin ìyàwó wọn, o sì pè wọ́n, o ò kí wọn! Òkò tí a sọ sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà."

Jímọ̀, 5

Lẹ́yìn ìrun, èmi àti Màámi lọ sílé Alhaji ní Adjamé. Mo kúnlẹ̀ lórí ẹní. Mo ní, ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ọlọ́hun á fi Alijanna ṣe ilé wọn. Mi ò dárúkọ mọ́tò rárá. Alhaji ní, "Ìwọ lo pè mí níjọ́sí?" Mo ní èmi ni, ẹ forí jì mí. Wọ́n ní kí wọ́n fún mi lómi mu. Omi yẹn tù mí lára gan-an.

Ọjọ́ Ajé, 8

Mo ti ju ìwé tí ọ̀gá ní kí n máa kà sínú dúrọ́ọ̀. Ìkíni ló kù. Mo pe Àlàájà Alimatou, oníbàárà wa ní Treichville — ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Madame Carelle — ó ti kó lọ sí Yopougon. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá! Ọ̀gá ń wo aago. Ó ní, "Zaynab, mọ́tò là ń tún ṣe níbí, a ò ta àdúrà!" Kó máa wí.

Ọjọ́bọ̀, 11

Kò sẹ́ni tó wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Àlàájà Alimatou gbé mọ́tò wá! Wọ́n ní mẹkáníìkì àdúgbò àwọn, ọ̀rọ̀ táyà nìkan ló máa ń béèrè, kì í béèrè ọmọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ wọn. Alihamudulilahi.

Jímọ̀, 26

Madame Carelle náà gbé tiẹ̀ wá. Àwọn márùn-ún mìíràn tẹ̀ lé e. Cyrille, olórí àwọn mẹkáníìkì wa, ní ẹ̀yìn ti ń dun òun, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò tíì sọ bóyá iṣẹ́ mi á dúró. Ìṣẹ́gun ni oṣù máa parí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30

Alhaji Àrìmíyàù wá fúnra wọn. Wọ́n fi ọkọ̀ ńlá wọ́ mọ́tò pupa náà wá, bátìrì rẹ̀ ti kú. Wọ́n di kọ́kọ́rọ́ mú, wọn ò tètè fún mi.

"Ti Àṣàbí ìyàwó mi ni. Látìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tó wọnú ẹ̀. Mo kó àwọn mọ́tò mi yòókù lọ síbòmíràn, ṣùgbọ́n eléyìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó wá kí mi ni mo ní n gbé e wá. Ẹ tún un ṣe dáadáa. Àmọ́ ìjókòó yẹn, ẹ má sún un o. Bó ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn."

Ọ̀gá ò gbọ́ Yorùbá. Ó bi mí léèrè, mo túmọ̀ rẹ̀. Kò wo aago. Ó ní, "Zaynab, fóònù yẹn, ọwọ́ rẹ ni yóò máa wà." Ó fa àga, ó jókòó ti Alhaji.

Ọlọ́hun, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ gan-an.

Wọ́n fi bátìrì mìíràn sí i. Cyrille yìí, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó gba ẹnu ọ̀nà, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì kò, orúnkún rẹ̀ ń kan sítíárìn mọ́tò, ó sì rọra wà á wọlé. Ìjókòó ò kúrò níbi tí Àlàájà Àṣàbí fi í sí.