Ẹ̀wà Wa Tó Fẹ́ Wọ Ìwé Yunifásítì

Oko Zanguéra,
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí mo ti kó ẹ̀wà wọlé.

Tẹniọlá, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Agbalépédogan níbẹ̀? Ṣé òrùlé yàrá rẹ kò jò mọ́? Ṣé o ń jẹun, àbí ìwé lo tún ń jẹ? Ọlọ́run tó mú ọ la ìdánwò èṣí já yóò mú ọ la tọdún yìí já, ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ á wo ilẹ̀ títí, kò ní í bá ọ níbẹ̀. Bàbá rẹ kí ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san, ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Ewúrẹ́ dúdú wa ti bí ìbejì, àwọn tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa sì ti mọ ògiri wọn dé ìdí máńgòrò.

Rodrigue ọlọ́kadà ni mo fi lẹ́tà yìí rán, mi ò pè ọ́ lórí fóònù, torí inú afẹ́fẹ́ ni ohùn inú fóònù ń gbà kọjá, ó sì di orí òrùlé mélòó kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ẹni tó bá ń gba atẹ́gùn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lè gbọ́ ọ. Mo ti lẹ ẹnu ẹ̀nfílọ́ọ̀pù pa, mo tún fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an, nítorí náà bí o bá bá a ní títú, Rodrigue ni kí o mú.

Ọ̀rọ̀ jọ́nà ni, ìwé ìwádìí tí yunifásítì yín ń gbé jáde, tí o fẹ́ kí wọ́n tẹ ohun tí o kọ nípa bí a ṣe ń pa ẹ̀wà wa mọ́ lọ́wọ́ kòkòrò sínú rẹ̀. O ní ẹnikẹ́ni láyé lè ṣí i kà láìsan fàráǹkì kan. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá rẹ, ó ní ta ló ń ṣọ́ ọ, ìgbà wo ni wọ́n ń tì í, mo ní o sọ pé kò ní ìlẹ̀kùn. Ó mi orí títí. Ó ní kí n sọ fún àwọn ọ̀gá yín pé ó kéré tán kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí i lálẹ́. Èmi ní tèmi sọ fún un pé bí omi ẹ̀rọ tí ìjọ wa gbẹ́ sẹ́bàá ọ̀nà ló rí, kì í ṣe ọmọ ìjọ nìkan ló ń pọn ún, kò sì tíì gbẹ. 

O tún ní kí wọ́n tó gba ohun tí o kọ wọlé, wọ́n á fún èèyàn méjì tó mọ̀ nípa ẹ̀wà láti yẹ̀ ẹ́ wò, o ò ní í mọ̀ wọ́n, wọn ò sì ní í mọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún mi! Nígbà tí bàbá rẹ ń bọ̀ wá fẹ́ mi, àwọn èèyàn mi rán ẹni méjì lọ sí àdúgbò wọn ní Nyékonakpoè láti wádìí bóyá wèrè wà nídìí wọn tàbí olè. Àwọn àna kì í mọ ẹni tó wá wádìí wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kí gbogbo àlejò dáadáa lóṣù yẹn. Ni mo bá gbá àyíká oko wa mọ́, mo sì ń retí àwọn méjèèjì.

Obìnrin kan kọ́kọ́ wá tọrọ omi. Mo fún un ní àga àti ẹ̀wà, ó jẹ abọ́ méjì, kò fi ẹnu kan jọ́nà rárá, mo yìn ín nínú ọkàn mi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọkùnrin kan gbé báàgì dé, ó kí mi pé bonjour maman, ó ń wo ẹnu ewúrẹ́, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo pa àkùkọ. Bàbá rẹ ní onímọ̀ ẹran ọ̀sìn tí ìjọba rán ni, mo ní àwọn oníwàádìí kì í gbé ojú ara wọn wá. Ó jẹ itan adìẹ tán, ó yọ abẹ́rẹ́, ó gún àwọn ewúrẹ́, ó lọ. Síbẹ̀ mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti parí sí rere.

Àfi ìgbà tí o pè ní Túsìdeè tí ò ń sunkún. O ní ẹni àkọ́kọ́ yìn ọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kejì kọ ọ́ sí wọn pé òun ṣe gbogbo ohun tí o kọ, òun da eérú àti ata gbígbẹ àti èèpo ọsàn sí ẹ̀wà, òun dì í pa sínú kẹ́ẹ̀gì, síbẹ̀ oṣù mẹ́ta kò pé tí kòkòrò fi sọ ọ́ di ìyẹ̀fun, nítorí náà òótọ́ kò sí nínú rẹ̀. O ní wọ́n fún ọ di òpin oṣù láti fèsì, ṣùgbọ́n o fẹ́ fa ìwé náà yọ fúnra rẹ kí wọ́n má baà pè ọ́ ní òpùrọ́.

Má fà á yọ. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. O ò purọ́, èmi ni mo fi nǹkan kan pamọ́ fún ọ.

Nínú ìdílé tiwa, ẹni tó bá ń kọ́ni ní òwò máa ń di ohun kan mú. Ìyá mi, Sìmbíátù, tó ta ẹ̀wà ní Lomé títí irun rẹ̀ fi funfun, kò sọ tirẹ̀ fún mi títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ti sọ ọ́ sí mi létí. Èmi náà ń dúró de ọjọ́ tí o máa bí àkọ́bí rẹ. Nígbà tí o mú bírò jókòó tì mí, tí o ní Màmá, ṣé ó tán, mo ní ó tán. Inú mi tilẹ̀ dùn pé pẹ̀lú gbogbo ìwé rẹ, ohun kan ṣì kù tí o máa torí rẹ̀ padà wá bá mi. Kò tọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, orí ọmọ tèmi ni mo sì ń wò tó wọ́ yìí.

Bàbá rẹ ní tí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò tún ra ẹ̀wà wa nígbà tí tàwọn yòókù bá ti bàjẹ́. Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo wá rántí Gbémisọ́lá opó, tí oko rẹ̀ kángun sí tiwa, tó da àpò ẹ̀wà méjì nù lọ́dún tó kọjá. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń bá a kẹ́dùn, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Ojú ń tì mí láti ọjọ́ náà.

Ohun náà rèé. Kí o tó da eérú sí i, sá ẹ̀wà náà pẹrẹsẹ sórí páànù lọ́sàn-án gangan, fi ọ̀rá náílọ́nù tó mọ́ gaara bò ó, fi òkúta tẹ etí rẹ̀ yíká kí afẹ́fẹ́ má wọlé, jẹ́ kí oòrùn sè é títí dé ìrọ̀lẹ́. Má ṣí i títí yóò fi tutù. Ẹyin kòkòrò á ti kú sínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni eérú tó lè ṣiṣẹ́.

Kí ẹnì kejì yẹn fún mi, kò parọ́ mọ́ ọ. Bí ó bá gba Zanguéra kọjá, kó yà, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́. Orúkọ ìyá mi ni kí o kọ síbẹ̀ ṣáájú tèmi. Bí o bá rí owó díẹ̀, fi rán Rodrigue ká fi ra àkùkọ mìíràn, torí bàbá rẹ kò tíì dárí ti ọkùnrin alábẹ́rẹ́ jì mí. Olúwa yóò gbé ọ ga, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní í dìyẹ̀fun, ọmọ tí ìwọ náà máa bí yóò jókòó tì ọ́ bí o ti jókòó tì mí.

Ohun kan péré ni mo bẹ̀ ọ́ fún. Má fi í ránṣẹ́ sí wọn lójú ẹsẹ̀ tí o bá ti kà á tán. Láti ẹnu ìyá sí etí ọmọ ló ti ń gbà bọ̀. Jẹ́ kó jẹ́ tiwa fún ọjọ́ kan sí i, kí o tó fi fún gbogbo ayé.

Èmi ìyá rẹ,
Comfort