Iṣan Tó Wú Nínú Orí Mi

Atukọ̀ mi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti orí ilẹ̀ gbígbẹ. Àdúrà mi ni pé kí ara rẹ le, kí omi tó gbé ọ lọ máa tọ́jú rẹ. Ara tèmi náà ti ń yá díẹ̀díẹ̀. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

Lóṣù tó kọjá, mo ń gé aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí orí fọ́ mi lójijì, bí ìgbà tí wọ́n la igi mọ́ ọn. Mo bì, ọrùn mi gan, ìpéǹpéjú òsì mi sì wálẹ̀. Tíṣà tó wá gba aṣọ rẹ̀ ló bá mi nílẹ̀, tó gbé mi dé ọsibítù.

Wọ́n ya fọ́tò inú orí mi. Dókítà ní, "Màmá, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló wú nínú ọpọlọ yín bíi túùbù kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń jò." Ó ní àwọn lè la agbárí, kí àwọn fi irin kékeré fún ọrùn ibi tó wú náà pa; tàbí kí àwọn ki rọ́bà tín-ín-rín bọ inú iṣan láti itan dé orí, kí àwọn fi wáyà rírọ̀ dí i, kí ẹ̀jẹ̀ má wọ ibẹ̀ mọ́. Èkejì ló bá tèmi mu. Mo ní, "Ọ̀nà yẹn jìn o, ẹ má ṣìnà." Ó rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Ọmọ yín ńkọ́?" Mo ní o wà lójú agbami. "Ṣé ó gbọ́?" Mo ní rárá. Ṣé wàá lúwẹ̀ẹ́ wálé ni? Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, àmọ́ ìgbà àbẹ̀wò ló dùn mí jù. Bí àwọn ará ilé ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì bá ti rọ́ dé, màá díbọ́n bí ẹni tó ń sùn, kí wọ́n má bàa káàánú mi.

Mo sọ fún dókítà bí ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe kú: orí fífọ́ lójijì, ó parí. Ó ní àìsàn yìí lè máa rìn nínú ẹbí, pé kí ìwọ náà lọ ya fọ́tò orí, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ. Bí wọ́n bá rí i kó tó bẹ́, wọ́n lè tọ́jú rẹ̀. Bó bá kéré, wọ́n lè kàn máa ṣọ́ ọ. Sìgá tó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ńkọ́? Má parọ́, èmi ni mo máa ń fọ aṣọ rẹ. Jù ú sómi.

Ìgbì ò ní bò ọ́ mọ́lẹ̀. Ìwọ ni yóò gbẹ̀yìn mi, èmi ò ní gbẹ̀yìn rẹ.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Aránṣọ olójú kan fúngbà díẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: n kì í ti ìlẹ̀kùn mọ́ lọ́sàn-án. Ká ní mo tì í lọ́jọ́ yẹn, tíṣà ì bá kanlẹ̀kùn títí, kó máa lọ. Bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lójú pópó báyìí, màá gbójú sókè, bóyá ìwọ ni. Wọ́n á kọjá lọ.