Bá Wa Bu Afẹ́fẹ́ Sínú Pọ́ǹpù Yìí

Òkè-Ṣọpẹ́n, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1899.

Adéfọlá ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú oòrùn Èkó, mo kí ọ kú ariwo, mo sì kí ọ kú ojú lọ́nà lẹ́tà mi, nítorí mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ọ̀gá rẹ ní ilé ìtẹ̀wé kò bínú mọ́? Olúwa tí ó mú ọ la ọ̀sà kọjá kò ní jẹ́ kí omi ìlú náà dà ọ́ nínú rú. Gbogbo wa wà láàyè níbí. Ewúrẹ́ rẹ ti bímọ, akọ ni, mo sì ti sọ fún un pé ìwọ lo ni ín.

Ojú ń tì mí láti kọ lẹ́tà yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ sọ ti ewúrẹ́.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti so èmi àti Kápẹ́ńtà Gbénró pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn Kérésìmesì, mo ti kúrò nílé wa ní Jàpárà, ilé wọn ní Òkè-Ṣọpẹ́n ni mo wà. Ìwọ náà ní kí Àlímì ọlọ́kọ̀ ojú omi bá ọ kí wọn, wọ́n sì gba kíkí náà. Wọ́n bi Àlímì bóyá o rẹ́rìn-ín nígbà tí o ń sọ ọ́, Àlímì ní òun kò wo ẹnu rẹ. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, Adéfọlá. Ìṣòro kan ṣoṣo tí mo ní ni pé n kò mọ ohun tí mo lè máa pè wọ́n. Ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, bàbá lágbájá là ń pè é, ṣùgbọ́n wọn kò bímọ rí, aya wọn àárọ̀ kú láìbímọ. Bí mo bá pè wọ́n ní Kápẹ́ńtà, á dà bí ìgbà tí mo wá gba àpótí. Ìyá Nimotalahi aládùúgbò wa ní kí n máa pè wọ́n ní Bàbá Ilé, mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sáré dìde, wọ́n ń wẹ̀yìn láti kí àgbà tí ó wọlé. Nítorí náà “ẹ̀yin” ni mo ń pè wọ́n. Bí wọn kò bá gbọ́, màá lọ dúró síwájú wọn títí wọn yóò fi rí mi.

Ó dára, ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù ló kàn. Ọkọ mi ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan tí wọ́n rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan tí ó ń kó kúrò nílùú. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Mo kọ́kọ́ rò pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, àgbàlagbà sì ń jókòó lé e, ó ń lọ. Pọ́ǹpù ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ, irin gígùn kan bí fèrè ni, ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀ tí a ń fà tí a sì ń tì.

Nígbà tí mo dé ilé wọn, gbogbo ohun ìní wọn ni mo fọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé obìnrin wọlé. Mo fọ àga, mo fọ ayùn, mo fọ pọ́ǹpù náà. Mo tú ìdí rẹ̀, mo fi eérú àti ọṣẹ fọ inú rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ìdọ̀tí pọ̀ níbẹ̀! Kódà awọ kékeré kan bí fìlà wà lórí ọ̀pá inú rẹ̀, ó ti dúdú, ó ń rùn fún òróró, n kò mọ ẹni tí ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò. N kò sọ ọ́ nù o, èmi kì í fi nǹkan ṣòfò, mo fi dí ẹnu ìgò àdín mi, ó sì bá a mu bí ẹni pé torí ìgò náà ni wọ́n ṣe é. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ìdọ̀tí ló ba pọ́ǹpù yìí jẹ́, irọ́ ló ń pa.

Àní ó tún dára sí i lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́. Tẹ́lẹ̀ ó máa ń ṣagídí, ọkọ mi á làágùn kí wọ́n tó tì í wọlé, ṣùgbọ́n ní báyìí ọmọ ọwọ́ lè tì í. Inú mi ń dùn títí rọ́bà ẹ̀yìn fi rọ̀. Wọ́n fi pọ́ǹpù sí i, wọ́n fà, wọ́n tì, wọ́n fà, wọ́n tì, rọ́bà sùn sílẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù.

A pe Hàmídù télọ̀, nítorí ó ti dé Èkó rí. Ó ní kí a má fòyà, ibi mẹ́ta náà ni irú àìsàn yìí ti ń wá, bóyá ẹnu rọ́bà, bóyá ọ̀nà ọ̀fun pọ́ǹpù, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀, bóyá ikùn rẹ̀. Ó tu itọ́ sí ẹnu rọ́bà, itọ́ náà jókòó jẹ́ẹ́, kò hó, ó ní ẹnu kò jò. Ó ri ọ̀nà ọ̀fun bọ inú omi, ó fẹ́ ẹ, ó ní kò lu. Ó wá fi àtàǹpàkò dí ẹnu pọ́ǹpù, ó ní kí ọkọ mi tì í tagbáratagbára. Wọ́n tì í. Ó ní kò sí ohun tó kan òun lọ́wọ́. Wọ́n tún un tì. Hàmídù sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ní ìnnà lílláhì, ikùn ni. Mo bú sẹ́kún.

Lẹ́yìn tí mo sunkún tán ni ó yé mi. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló tán! Láti Èkó ni wọ́n ti bu afẹ́fẹ́ kún un kí wọ́n tó tà á, a ti lò ó tán. Mo gbé e lọ sí gbangba, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, mo dúró títí ọwọ́ fi ro mí, mo yára fi ọwọ́ bò ó, mo sáré wálé. Kò gbà á. Ó dà bí ọmọ tí kì í gba ọmú ẹlòmíràn, afẹ́fẹ́ Èkó ló mọ̀. Ìyá Nimotalahi tí ó ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní, háà, ìyàwó, o ti gba èémí Kápẹ́ńtà tán, ó wá ku ti pọ́ǹpù rẹ̀! Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín, mo fi ìborùn bojú wọlé.

Ọkọ mi ní kí a fi ẹnu wa fẹ́ rọ́bà náà. A jókòó ti kẹ̀kẹ́, èmi fẹ́, wọ́n fẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Rọ́bà kò le rárá, ṣùgbọ́n mo gbádùn ọ̀sán náà. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Ẹtì, àwọn ará Àgọ́-Ìwòyè ń retí ọkọ mi láti wá gbé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ró, wọ́n ní àwọn yóò gun kẹ̀kẹ́ náà lọ bẹ́ẹ̀, ní rírọ̀. Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò ni ọ̀nà gbà, mo sì ń sìn wọ́n bọ̀ lẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí sáré, ìdí rẹ̀ ń mì bí ẹni tó mu ẹmu yó, àwọn obìnrin tí ó pọn omi sì ń gòkè bọ̀ níwájú wọn. Mo kígbe pé ẹ̀yin! Ẹ̀yin o! Gbogbo obìnrin odò gbójú sókè, wọ́n ń bi mí pé kí ló dé, ọkọ mi nìkan ni kò mọ̀ pé àwọn ni mo ń pè. Ẹnu mi kàn là ni, ohun tí ó jáde ni Bàbá Adéfọlá! Bàbá Adéfọlá, ẹ yà!

Wọ́n yà lóòótọ́. Inú ibi tí Ìyá Nimotalahi rẹ gbágùúdá rẹ̀ sí ni wọ́n yà sí, àwọn àti kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí wọ́n yọrí, gbágùúdá ti bo irùngbọ̀n wọn. Ìyá Nimotalahi ń lọgun, ó ní ta ni yóò ra fùfú tí Kápẹ́ńtà ti wẹ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ mi jókòó sínú omi náà, wọ́n ń wò mí, wọ́n bi mí pé ta ni mo pè. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹnu mi ló ṣì wí. Wọ́n ní àwọn kò bínú, kí n tún un pè, àwọn kò gbọ́ ọ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ Adéfọlá, àwọn tó wà lókè odò gbọ́!

N kò tún un pè. Ìwọ lo ni orúkọ, bàbá rẹ tí ó ti sùn ni wọ́n sì ń fi pè, kì í ṣe ohun tí mo lè fi ta ènìyàn lọ́rẹ láìbi ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fẹ́ yanu, wọ́n á dá ayùn dúró, wọ́n á gbé etí sílẹ̀. Bí mo bá wá ní “ẹ̀yin,” wọ́n á ní hẹ̀n, wọ́n á máa rẹ́ igi wọn lọ.

Mo ti fi pọ́ǹpù náà rán Àlímì. Mo fi ìda dí ẹnu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ Òde-Omi, ibi tí Àlímì ti ń wọ ọkọ̀, má bàa wọ̀ ọ́ lọ́nà, nítorí òórùn ẹja pọ̀ níbẹ̀. Jọ̀ọ́, bá wa bu afẹ́fẹ́ tuntun sí i, ti àárọ̀ kùtùkùtù ni kí o bù, má bu ti ẹ̀bá ọjà. Bí wọ́n bá ń tà á, ra èyí tí ó nípọn, kí ó lè tọ́jọ́. Bá mi san owó rẹ̀ ná, kí o sì fi díẹ̀ kún un fún gbágùúdá Ìyá Nimotalahi, nítorí kò tíì dákẹ́.

Olúwa yóò ṣọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ nínú iṣẹ́ rẹ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ní jẹ ọ́ níka, a ó sì fi orúkọ ọmọ pe ìwọ náà lójú ayé mi. Àmín.

Ó ku ohun kan. Àlímì ní bí wọ́n bá di ẹrù ní Èkó, wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín mọ́ ọn lára. Bí o bá kọ Kápẹ́ńtà Gbénró, ó tọ́, n kò ní bínú, mo ti mọ bí a ṣe ń pe “ẹ̀yin.” Ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ bá gbà á, kọ èkejì, èyí tí mo pè létí odò. Wọn kò mọ̀wé, èmi ni n ó kà á fún wọn, ìta ni n ó sì ti kà á. Jọ̀ọ́, kọ ọ́ gàdàgbà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hannah.