Má Tú Ìko Ẹnu Ìgò Náà

Agbo Ilé Aláró,
Ìjẹmọ̀, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù kejì, 1983.

Olújìmí ọmọ mi,

Ìgò kékeré kan wà nínú gàrí tí Sàlàhúdíìnì awakọ̀ gbé wá fún ọ. Má mu nǹkan inú rẹ̀. Kí Wùnmí ìyàwó rẹ má mu ún, kí ẹ má sì fi kan Péjú ọmọ yín lẹ́nu rárá. Mo mọ̀ pé ọmọlúàbí kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà láìkí èèyàn, ṣùgbọ́n Asiata tí a jọ ń rẹ aró ló jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ní bí n kò bá fi ọ̀rọ̀ ìgò ṣáájú, òun yóò gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó yá, mo ti fi í ṣáájú.

Wàyí o, ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá rẹ tó máa ń pariwo yẹn ńkọ́? Ọlọ́run tó mú wa la ọyẹ́ já kò ní fi wá sílẹ̀ nínú ooru, a ò sì ní wá ara wa tì. Gbogbo ilé ń kí ọ. Adìẹ funfun tí o fi sílẹ̀ ti pamọ, àwọn ọmọ rẹ̀ wá dúdú bí ẹni tó já sínú ìkòkò aró mi, mi ò mọ ibi tó ti rí wọn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ gidigidi lórí ọ̀rọ̀ ikọ́ mi. Ìwọ lo kọ̀wé pé kí n yéé fi orógbó tan ara mi, kí n lọ rí dókítà. Mo lọ. Wọ́n ní àwọn máa ya fọ́tò àyà mi. Mo ti gbọ́ ọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti wọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ mi tuntun láti ilé, mo wé gèlè, mo lé tìróò. Ẹni tó ń ya fọ́tò ní kí n bọ́ ẹ̀wù, mo ní irú fọ́tò wo nìyẹn, àmọ́ mo gbà nítorí pé ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi parí. Nígbà tí fọ́tò jáde, kò sí ojú mi níbẹ̀, kò sí gèlè, kò sí ẹ̀rín, egungun ìhà ló kún ibẹ̀ bí àgò adìẹ. Mo bá a kẹ́dùn pé iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́, mo ní kó má bínú, n óò tún padà wá. Ṣùgbọ́n dókítà tẹjú mọ́ egungun yẹn, ó ní kò sí àìsàn burúkú níbẹ̀, mo sì yin Olúwa. Ó kọ oògùn ikọ́ olómi fún mi. Nọ́ọ̀sì kan, Harriet lorúkọ rẹ̀, ló fún mi ní ìgò náà pẹ̀lú ṣíbí kékeré kan, ó ní ṣíbí yẹn kan láàárọ̀, kan lálẹ́, kí n má kọjá bẹ́ẹ̀.

Jìmí, oògùn yẹn dára. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni mi ò ti fojú kan oorun, gbogbo ilé ń gbọ́ mi. Alẹ́ tí mo kọ́kọ́ mu ún, mo sùn bí ọmọ tuntun. Mo jí láàárọ̀, mo sunkún ọpẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ ni ọkàn mi wá lọ, torí o kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé èéfín Èkó ti fún ọ ní ikọ́. Ṣé kí n máa sùn kí ọmọ mi máa húkọ́? Mo bu ìdajì rẹ̀ sínú ìgò òróró kékeré, mo fi ìko di ẹnu rẹ̀ bí mo ṣe ń di àdìrẹ oníko tí omi aró kì í lè wọ̀, mo tì í bọ inú gàrí. Sàlàhúdíìnì gbé e lọ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀ náà ni ikọ́ tún já bọ́ lẹ́nu mi nídìí aró. Ìwọ tí o dàgbà nídìí ìkòkò mọ iṣẹ́ wa. Aṣọ tí a rẹ lẹ́ẹ̀kan, ewé ló ń jọ. A ó tún un rẹ, a ó tún un rẹ, títí yóò fi dú. Mo ní oògùn yìí kò tíì dú nínú mi ni. Mo tún un rẹ. Ṣíbí Harriet sì kéré lójú mi, mo fi ṣíbí ọbẹ̀ rẹ ẹ́. Ó dùn, mo tún un rẹ.

Ẹnu mi gbẹ bí èlùbọ́, òòyì ń kọ́ mi. Mo rò pé oògùn ti ń dú nìyẹn. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mi ò ní í sọ, torí ọmọ ọkùnrin ni ọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó síbẹ̀ lásán. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ nǹkan kan mọ́.

Asiata ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní mo fara ti ìkòkò eérú, ọwọ́ mi sì wà nínú aró títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó pè mí, ó rò pé mò ń ṣeré. Ó mì mí, mi ò dáhùn. Ó ní mo máa mí, èémí kejì á wá pẹ́ kó tó dé, tí òun á máa dúró dè é. Asiata yìí tí a ti ń bá ara wa yodì nítorí igi ìdáná, òun ló gbé mi kọ́ èjìká dé títì láìwọ bàtà, ìborí rẹ̀ já bọ́ lọ́nà, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Taasí ló fi gbé mi dé ọsibítù. Mi ò ní gbàgbé láéláé.

Ìgbà tí mo la ojú, Harriet ló wà níwájú mi. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi mu ún tó bẹ́ẹ̀, mo sì ṣàlàyé bí aṣọ ṣe ń dú fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé bí a bá yọ aṣọ nínú aró, a kì í sá a kí atẹ́gùn fẹ́ sí i kí a tó tún un rẹ ni? Mo ní a máa ń sá a mọ̀nà. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, ti àkọ́kọ́ ṣì tutù nínú mi tí mo fi da òmíràn lé e. Ó ní oògùn yìí ń múni sùn, bí ó bá sì pọ̀ jù, èémí pàápàá á fẹ́ sùn. Jìmí, mo ti ń rẹ aró kí wọ́n tó bí Harriet, mo gbàgbé atẹ́gùn.

Mo wá fi ìdùnnú sọ fún un pé mo ti fi ìdajì ránṣẹ́ sí ọ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ṣé ọmọ mi ń wa mọ́tò? Mo yangàn, mo ní ọ́fíìsì fún un ní mọ́tò. Ó ní ṣé ó ń mu bíà? Mo ní ó máa ń mu díẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì, ó rò pé mi ò mọ̀. Ó di orí mú. Ó ní oògùn tí dókítà kọ fún mi, tèmi nìkan ni, kò dà bí aṣọ tí ìyá lè yá ọmọ. Ó ní ẹni tó bá mu ún kò gbọdọ̀ wa mọ́tò, kò gbọdọ̀ fi ọtí tàbí oògùn oorun kún un, àti pé èyí tí kò ṣe àgbà ní nǹkan lè mú ọmọ kékeré sùn láìjí. Mo rántí Péjú, mo bú sẹ́kún lórí bẹ́ẹ̀dì wọn.

Àárọ̀ yìí ni wọ́n ní kí n máa lọ ilé. Mo gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ láti fi tẹlifóònù pè ọ́. Ọkùnrin ibẹ̀ ní nọ́ńbà wo, mo ní ọmọ mi kì í ṣe ilé tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí lára, kó ṣáà pe Olújìmí ti Yàbá, èyí tó ga. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún. Asiata ló fà mí jáde. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé kí Sàlàhúdíìnì lè mú un lọ ní ìdájí ọ̀la.

Ara mi ti yá, má dààmú. Asiata ló ń tọ́jú ìgò tuntun tí wọ́n fún mi, òun ló ń fi ṣíbí Harriet wọ̀n ọ́n, kò sì ní jẹ́ kí n sún mọ́ iná bí mo bá ti mu ún. Wọ́n ní kí n máa mu omi dáadáa, kí n máa jẹ ìbẹ́pẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àtèmi sì ti parí ìjà. Bí ikọ́ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, lọ rí dókítà tìrẹ. Má wulẹ̀ wọ aṣọ dáadáa lọ torí fọ́tò.

Bí o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́ kí n ra ìborí tuntun fún Asiata, èyí tó dára. Bí kò bá sí, kò burú. Ìgò yẹn ni mo fẹ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé kí o da á nù kí o fi òfìfo rẹ̀ ránṣẹ́, Asiata ní báwo ni n óò ṣe mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló mu ún tàbí ìwọ. Òótọ́ ló sọ. Fi í ránṣẹ́ bó ṣe wà, má tú ìko ẹnu rẹ̀. N óò wà ní gáréèjì títí Sàlàhúdíìnì yóò fi padà dé. Kò sí ọwọ́ mìíràn tó ń di ìko bíi tèmi. Bí mo bá rí i bí mo ṣe dì í, n óò mọ̀ pé mo ṣì lọ́mọ.

Ọlọ́run tó jí mi nídìí aró, kó máa jí ìwọ náà láràárọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Abọ́sẹ̀dé Aláró.