Ṣòkòtò Bàbá Ìjọ

                                                  Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                  Pòróògún,
                                                  Ìjẹ̀bú-Òde.
                                                  12 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Moṣọpẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Gbogbo ilé ńkọ́ ní Ìbefùn? Ṣé orúnkún rẹ ti ń jẹ́ kí o dé oko? Bàbá Mọ́ṣádé ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá rédíò jiyàn bí ẹni pé rédíò ń gbọ́? Ara tèmi le, bí a bá yọ ojú tó ń ṣe bàìbàì kúrò. Gaàrí tí o fi ránṣẹ́ dé, a sì ti ń mu ún.

Má fòyà. Mo mọ̀ pé ọmọ rẹ fi ẹkún pè ọ́ ní Sátidé, tí nẹ́tíwọ̀kì sì já kí o tó gbọ́ ìdí rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé nígbà tó tún pè, kò sọ ju "Mọ́mì, ó ti tán" lọ. Ó ti tán lóòótọ́, ó sì tán sí rere. Jókòó, kí n rò ó fún ọ.

Olóyè Micah, tí a fi jẹ Bàbá Ìjọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ló gbé aṣọ fún Mọ́ṣádé. O mọ̀ pé kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà ní bí aṣọ òun bá dára, Mọ́ṣádé ni yóò rán aṣọ gbogbo ẹgbẹ́ akọrin. Bí kò bá dára, gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ni yóò gbọ́. Ó sì lè ṣe é. Ẹni tó kọ oyè ara rẹ̀ kún ojú ìwé mẹ́ta kí àlùfáà lè kà á, ṣé irú wọn a máa dákẹ́?

Iná ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n mú un lọ ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tó ku ìdí ṣòkòtò nìkan, ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé. Ọmọ rẹ bá gbé màṣíìnì ọlọ́wọ́ tí o fún un jáde. Màṣíìnì oníná tó fi kọ́ṣẹ́ ní irin kékeré kan tí wọ́n ń tẹ̀, tí aṣọ á fi padà sẹ́yìn, kí òwú lè dì. Tìrẹ kò ní in. Ìwọ a máa gbé ẹsẹ̀ màṣíìnì sókè, wàá yí aṣọ po, wàá tún gun ojú rírán náà padà. Mọ́ṣádé kò rántí. Ó rán an dé òpin, ó gé òwú, ó ní ó parí. Ìgbà tó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ ló rí i tí ìdí ṣòkòtò Bàbá Ìjọ la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ tó ń retí ìyá rẹ̀.

Ó fẹ́ tún un rán. Ìpayà mú kó dá abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún màṣíìnì náà. Ló bá sáré wá bá mi.

"Màmá Aaron, mo ti dáràn! Ó máa kúnlẹ̀ o! Níwájú gbogbo ìjọ!"

Mo ní kó nu imú, kó wá abẹ́rẹ́ ọwọ́ àti òwú onílọ̀ọ́po méjì.

"Ojú yín ńkọ́, mà?"

"Ojú tìẹ ni yóò ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọwọ́ tèmi ni yóò rán."

Bákísítíìṣì ni mo rán: abẹ́rẹ́ á yọ síwájú, á padà wọlé níbi tí èyí tó kọjá parí sí, á tún gba abẹ́ aṣọ yọ níwájú. Kò yá bíi ti màṣíìnì, ṣùgbọ́n bí ojú kan bá já, èkejì kì í tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo rán an dé ìdajì, mo gbé e fún un kó parí rẹ̀. Òun ló rán an dé òpin.

Ní Sọ́ńdè, àlùfáà ka oyè, ó ka oyè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bèèrè omi. Bàbá Ìjọ kúnlẹ̀. O mọ bí ọkùnrin náà ṣe tóbi tó. Àdúrà sì gùn! Mọ́ṣádé di ọwọ́ mi mú títí èékánná rẹ̀ fi wọ̀ mí lára. Bàbá Ìjọ dìde. Òwú kan ò fọhùn. "Àmín" tèmi ló ròkè jù ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ká ní èmi ni, ǹ bá jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ọmọ rẹ kọ̀. Láàárọ̀ àná, ó lọ bá Olóyè nílé, ó jẹ́wọ́ pé òun gbàgbé láti rán ojú rírán náà padà, ó ní kó fún òun ní ṣòkòtò náà kí òun lè fi màṣíìnì tún un rán. Mo tẹ̀ lé e. Olóyè dákẹ́, ohun tí n kò rí rí. Lẹ́yìn náà ó ní,

"Ta ló tún mọ̀?"

"Màmá Aaron nìkan ni, sà."

"Kó mọ bẹ́ẹ̀ o!"

Ó wọlé, ó gbé ṣòkòtò náà jáde, ó sì gbé ìdì aṣọ àwọn akọrin lé e lórí. "Gbogbo èyí náà, rán an lọ, kí o rán an bọ̀."

Bá mi kí àwọn ará ilé, kí o sì sọ fún Bàbá Mọ́ṣádé pé ọmọ rẹ̀ ti di télọ̀. Ìyókù, jọ̀ọ́, má sọ ọ́ fún un. Ohùn rẹ̀ a máa dé Ayépé.

                                                  Èmi tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀,
                                                  Ìyá Aaron